Tandem Àkọ́kọ́ Yín: Ṣé Kí Ẹ Sanwó fún Pápá Ni, àbí Kí Ẹ Ra Voucher?

Ẹni tó bá ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti fò láti inú bàálù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ẹ̀rù rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nìyẹn. Ó ti mọ̀ pé wọn yóò so òun mọ́ àyà olùkọ́ (ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tandem), pé parachute méjì ló wà nínú àpò ẹ̀yìn olùkọ́ náà, pé ẹ̀rọ kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí yóò ṣí èyí tó wà ní ìpamọ́ fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń sún mọ́ jù. Mi ò ní tún ìyẹn wí. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà sanwó ni mo fẹ́ fi wéra. Ẹ lè san án tààrà fún pápá tí wọ́n ti ń fò. Ẹ lè ra voucher, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ ti sanwó ṣáájú, lọ́wọ́ alágbàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì lè fi fífò náà kó owó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Mo ti ra voucher rí, mo sì ti san tààrà rí.

Ká kọ́kọ́ mú iye owó kúrò nílẹ̀. Voucher ló sábà máa ń dín díẹ̀, pàápàá nígbà Black Friday. Lọ́dọ̀ pápá, ó máa ń lé ní £200 dáadáa, òpin ọ̀sẹ̀ sì sábà máa ń wọ́n ju àárín ọ̀sẹ̀ lọ. Fídíò kì í sábà sí nínú iye yẹn, kò sì pọ́ọ́kú. Kí ẹ tó máa yọ̀ mọ́ ẹ̀dínwó, ẹ wò ó bóyá Sátidé wà nínú rẹ̀.

Ní ti gíga, láti 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ó já bọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí parachute tó ṣí. Láti 15,000, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Langar ní Nottinghamshire àti Hibaldstow ní Lincolnshire ń gbé èèyàn dé 15,000. Headcorn ní Kent kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ará Peckham ní London lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní London Bridge kó lọ sọ̀ ní Headcorn, kó sì fi táksí parí rẹ̀. Ẹni tó ṣeé ṣe kó lọ, kí wọ́n dá a padà, kó sì tún lọ, ọ̀nà tó yá ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Dídá padà yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin rò pé fífò lẹ̀ ń rà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdúró de ojú ọjọ́ lẹ̀ ń rà, fífò jẹ́ ẹ̀bùn tó tẹ̀ lé e. Bí ìkùukùu bá wálẹ̀ jù, tí olùkọ́ kò rí ilẹ̀, ẹ ò ní lọ. Bí atẹ́gùn bá le jù, ẹ ò ní lọ. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ kó wà.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lo voucher mi, oòrùn ń ràn ní London nígbà tí mo jáde nílé. Nígbà tí mo fi máa dé pápá, ojú ọ̀run ti bò pátápátá. Wọ́n wọn ìwúwo wa, wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe gbórí sẹ́yìn ká sì ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí a bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàálù, a wá jókòó. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á jáde lọ wòkè, á tún wọlé wá sún aago síwájú. Aago mẹ́wàá di méjìlá, méjìlá di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó ní ká máa lọ sílé. Àwọn tó sanwó tààrà tò síwájú tábìlì rẹ̀, ó ṣí kàlẹ́ńdà, kálukú mú ọjọ́ mìíràn, wọ́n lọ. Ó kàn mí. Ó wo bébà mi, ó ní kí n lọ pe àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó pe fóònù, orin ni wọn ó máa fi dá yín lóhùn. Ẹ ó kọ ímeèlì, wọn á ní kí ẹ ní sùúrù fún ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n máa dáhùn, àwọn Sátidé tó wà nílẹ̀ ti kún. Mo ti pààrọ̀ ṣíìfù mi nítorí tàkọ́kọ́, ọ̀gá mi kò sì fẹ́ gbọ́ ti òmíràn. Oṣù 12 ni voucher náà fi wúlò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni wọ́n ti ń kà á, ìgbà òtútù sì ni mo rà á, nígbà tí fífò kò pọ̀. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ ìparí síwájú, kí n mú owó wá. Gbogbo ẹ̀dínwó tí mo rò pé mo jẹ, ibẹ̀ ló wọlé sí, mo sì tún fi owó lé e. Pápá ò ṣẹ̀ mí o. Kò sẹ́ni tó lè bá ìkùukùu ṣẹjọ́. Nígbà tí mo padà sanwó tààrà, ìkùukùu tún dá wa dúró, àmọ́ kí tíì mi tó tutù ni wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ tuntun.

Òfin tún wà lẹ́yìn ẹni tó san tààrà. Bí ẹ bá fi credit card san ohun tó lé ní £100 tààrà fún ẹni tó ń tà á, òfin Consumer Credit Act ti 1974 fi ilé-iṣẹ́ káàdì náà ṣe onígbọ̀wọ́ pẹ̀lú òǹtàjà. Bí alágbàtà bá wà láàárín, okùn yẹn lè já. Kí n má ṣe ojúsàájú: voucher tí kò ní ọjọ́ kan pàtó, tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sábà ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Ọjọ́ tí ẹ ti mú lọ́dọ̀ pápá kì í ní irú àǹfààní yẹn lábẹ́ òfin.

Ní ti ìwúwo, pápá máa ń kọ ọ́ sójú pálí. Voucher sábà máa ń fi í pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró sí nǹkan bíi stone 15, ìyẹn kílò 95, àwọn mìíràn á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú àfikún owó. Taṣọ-tabàtà ni wọ́n ń wọ̀n yín.

Ìlera kò yàtọ̀ níbi ẹ bá ti sanwó: ẹ ó fọwọ́ sí ìwé British Skydiving, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó fífò níbẹ̀, pé ara yín dá. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí wárápá, ẹ kà á dáadáa ṣáájú, torí ó lè jẹ́ dókítà ni yóò fọwọ́ sí i, GP (dókítà àdúgbò yín) sì lè gbowó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má fi ṣeré rárá: bàálù yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ra bíi ti èyí tó ń gbé wa lọ Èkó, afẹ́fẹ́ òkè sì fúyẹ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn náà ti tó ohun tí a ń torí rẹ̀ sún ọjọ́ síwájú, nítorí etí.

Ti ẹgbẹ́ aláàánú dára fún ẹni tó lẹ́nu. Ẹ ó kó iye kan jọ, wọ́n á sì yọ owó fífò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ ará ìjọ tán, ẹ ò lè sá mọ́.

Nípa ìmúra: wíìgì ò gbọdọ̀ bá yín dénú bàálù, atẹ́gùn nǹkan bíi máìlì 120 láàárín wákàtí kan ni yóò máa fẹ́ lù yín. Irun tí ẹ fi attachment dì, ẹ kó o jọ sí ìsàlẹ̀ ọrùn, ẹ má dì í ṣóńṣó sórí, torí ojú olùkọ́ wà lẹ́yìn orí yín gan-an, èyí tó bá tú á máa nà án lójú. Ẹ wọ bàtà tó ní okùn. Bí ilẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 20 lórí Celsius, òkè 15,000 lè jẹ́ òdì 10. Ẹ jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyán.

Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí lẹ fẹ́ fún ẹlòmíràn, tí ẹ ò mọ ọjọ́ tó máa ráyè, voucher wúlò. Ẹ rà á ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wà níwájú rẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ pápá náà ń ta voucher tiwọn, ẹ kàn ní láti béèrè ni.) Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni, ẹ pe pápá láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń fún èèyàn lọ́jọ́ tuntun bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, àti iye tó ń gbà. Lẹ́yìn náà ẹ pe alágbàtà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, bí ó bá gbé fóònù.