Ajá Ń Rù, A Ò Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É: Oògùn Aràn Ṣọ́ọ̀bù àbí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀?

Bí ajá bá ń rù tí a kò mọ ohun tó fà á, ibi méjì ni owó wa sábà máa ń gbà lọ: ká ra oògùn aràn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, tàbí ká gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì fún Tanímọ̀la, Alsatian mi, n'Ìbàdàn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gun òṣùwọ̀n ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹ gbé ajá kí ẹ tún gùn ún, kí ẹ wá yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ajá tó bá ti sọ ìdámẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ nù, tí ẹ kò sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ká máa wò ó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Irun Tanímọ̀la bo efọ́nhà rẹ̀ títí ó fi kúrò ní kílò 31 tó bọ́ sí 27. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ ìhà ajá onírun.

Owó: Oògùn aràn kò wọ́n. Àyẹ̀wò wọ́n.

Ìrìn àjò: Ṣọ́ọ̀bù wà ládùúgbò. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, àwọn aládàáni náà sì wà. Ẹ tètè jáde láàárọ̀.

Àkókò: Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, torí ibí ló ti dùn mí.

Ẹni tó ta oògùn fún mi kò fọwọ́ kan ajá náà. "Aràn ni," ó ní, mo sì gbà. Mo fún Tanímọ̀la lóògùn, kò yàgbẹ́ aràn kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún fún un, mo sì fi fítámìnì olómi kún un. Oúnjẹ rẹ̀ wá ń dín kù. Mo ra oògùn aràn mìíràn, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo fun fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì, ajá tó máa ń sáré pàdé mi kò dìde. Mo ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Kílò 24 ló kù.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 18. Ti ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37 sí 55. Ehrlichia ni, kòkòrò àìfojúrí tí eégbọn ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí ẹ fún ajá ní odindi páálí oògùn aràn, kò ní kan Ehrlichia lára. Doxycycline, oògùn apakòkòrò, ló lò, pẹ̀lú oúnjẹ, fún ọjọ́ 28 gbáko, a kò sì dá a dúró nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó gba oṣù mẹ́ta kó tó padà sí kílò 30.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé aràn kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀, hookworm, tó ń sọ èrìgì di funfun bákan náà. Babesia, kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí eégbọn náà ń gbé kiri, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Trypanosome, kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin tsetse ń gbé, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí káńtà?

Àléébù àyẹ̀wò: Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì tí wọ́n fi awò (microscope) wò lè má fi Ehrlichia hàn, pàápàá tó bá ti pẹ́ lára. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ béèrè iye platelet (ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) àti àyẹ̀wò antibody (ohun tí ara ń ṣe láti fi bá kòkòrò jà).

Ibi tí oògùn aràn ti dára jù: Ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ rù, láti ọ̀sẹ̀ kejì ló yẹ kó ti máa gbà á. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí ajá, aràn pẹlẹbẹ ni, kí praziquantel tó ń pa á wà nínú oògùn tí ẹ máa rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú díwọ̀n oògùn aràn ewúrẹ́ fún ajá. Levamisole tó máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, tó bá pọ̀ jù díẹ̀, lè pa á.

Fítámìnì kì í wo àìsàn kankan nínú ìwọ̀nyí.

Èwo ni kí ẹ mú? Méjèèjì ló ní àyè tirẹ̀. Ọmọ ajá, oògùn aràn ni kó kọ́kọ́ gbà. Àgbà ajá tó ti gba oògùn aràn láàárín oṣù mẹ́ta, tí ẹ sì ti yọ eégbọn lára rẹ̀ rí, àyẹ̀wò ni. Ajá tó darúgbó tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyẹ̀wò ni, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí kíndìnrín àti àtọ̀gbẹ. Nígbà tí mo ṣírò oògùn aràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti fítámìnì tí mo rà, ó ju owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la lọ.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ di ìgbẹ́ rẹ̀ tòwúrọ̀ ọjọ́ náà sínú ọ̀rá mímọ́ dání, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ti fún un sínú ìwé. Dókítà máa béèrè.