Ẹ ṣọ́ra o: anemone tí wọ́n pa láró ni ọkùnrin yìí ń tà fún àwa tí a ní iyùn ní táǹkì

Ẹ̀yin ará wa ní London, Manchester àti níbi gbogbo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń sin ẹja omi iyọ̀ àti iyùn alààyè nílé, ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó fún anemone (ẹran inú òkun tó dà bí òdòdó, tí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, tó sì ń ta) aláwọ̀ yẹ́lò tàbí àlùkò tí wọ́n ń polówó kiri lórí WhatsApp àti Facebook lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Aró ni wọ́n pa á. Ẹni tó ń tà á kì í lo orúkọ kan pẹ́, ìdí nìyí tí mi ò fi ní da ara mi láàmú láti dárúkọ. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ mọ̀, torí ìyẹn kì í yí padà.

Á gbé fọ́tò síta, iná búlúù nìkan ló máa ń tàn sí i, gbogbo nǹkan á máa dán yinrin. Bí orúkọ ẹni tó kọ̀wé sí i bá ti jọ ti Yorùbá báyìí, ó di "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n", ó di "màmá, ọmọ yín lèmi náà". Á ní clownfish yín, ẹja kékeré tó máa ń gbé àárín ọwọ́ anemone, ti rílé gbé nìyẹn. Á ní kò ní fọwọ́ kan iyùn yín. Á wá fi ìlérí kan dè é: bó bá kú kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ọ̀rá tí ẹ kò tíì tú, kó má ju wákàtí méjì lọ, òun á dá owó padà. Owó ọ̀hún ńkọ́? "Friends and Family" ni kí ẹ fi san án ní PayPal o, kí wọ́n má bàa yọ nǹkan lára rẹ̀.

Inú ìlérí yẹn gan-an ni jìbìtì náà wà. Anemone tí wọ́n pa láró kì í sábà kú sínú ọ̀rá. Ebi ló ń pa á, ebi ọ̀hún sì lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn ó lè ju oṣù kan lọ. Ìgbà tó bá máa fi yọ́, wákàtí méjì rẹ̀ ti kọjá lọ tipẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn ewé omi tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, zooxanthellae ni wọ́n ń pè wọ́n, ló ń gbé inú ẹran ara anemone. Alásè rẹ̀ ni wọ́n: wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, wọ́n ń bù fún un. Àwọn náà ló ń fún un ní àwọ̀ búráùn tí ọ̀pọ̀ wa máa ń yọ ṣùtì sí. Bí ìyà bá jẹ ẹ́ lọ́nà láti òkun, nínú òkùnkùn, nínú omi tó ti gbóná tàbí tó ti dọ̀tí, á lé wọn jáde, á wá funfun. Ẹni tó mọ̀ kò ní ra funfun, ni wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú aró. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní sebae, tó ń wá láti Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ni wọ́n sábà máa ń ṣe báyìí. Aró náà á ṣá, àmọ́ alásè ti lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Manchester ra ọ̀kan ní £65. Mo ní kó pa iná búlúù, kó tan funfun sí i, kó fi fídíò ránṣẹ́. Ẹsẹ̀, ara, ẹnu, ọwọ́ títí dé orí ọwọ́, yẹ́lò kan náà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tó mọ́ jù tàbí tó ṣú jù. Ara ohun alààyè kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, yẹ́lò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láti orí ọwọ́ wá sísàlẹ̀, èyí tó kù lábẹ́ rẹ̀ funfun débi pé èèyàn fẹ́ẹ̀ rí òkúta ẹ̀yìn rẹ̀. Ni anemone bá gbéra, ó ń wá ìmọ́lẹ̀. Ó gba àárín àwọn iyùn tí wọ́n ń pè ní torch àti hammer tí ọmọ náà ní kọjá, gbogbo ibi tó fara kàn ló ta, ẹran ara ń bọ́ kúrò lára iyùn, egungun ń yọ. Pọ́ǹpù ló bọ́ sí nígbẹ̀yìn, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, omi dà bíi pé wọ́n da mílíìkì sí i, òórùn gba ilé. £65 yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iyùn tó kú.

Kí ni oníṣòwò wí? "Omi yín ni kò dáa." Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iyọ̀ 35 ppt, omi 25°C, nitrate (ìdọ̀tí inú omi) kò tó 10, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ọmọ náà fi í ránṣẹ́ sí oníṣòwò, oníṣòwò sì block rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, anemone tí ara rẹ̀ le koko náà máa ń rìn bí ibi tí wọ́n fi í sí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì máa ń ta iyùn. Ẹni tó bá fi dá yín lójú pé tòun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, irọ́ ló ń pa, ì báà jẹ́ oníwà bí áńgẹ́lì. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ṣáá, irú anemone tí wọ́n ń pè ní bubble tip, tó pín sí méjì fúnra rẹ̀ nínú táǹkì ẹni tí ẹ lè lọ bá nílé ló dáa jù. Ẹ jẹ́ kí táǹkì yín pé bí ọdún kan kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì da nǹkan bo ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ wò ó lábẹ́ iná funfun: kí ẹnu rẹ̀ pa dé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ya, kí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìka yín. Ọ̀gbẹ́ni yìí a tún máa fi abẹ la bubble tip sí méjì, kí ojú ọgbẹ́ tó jiná ó ti tà á. Ẹni tí iyùn rẹ̀ bá pọ̀, kó wo rock flower, irú anemone kan láti Karibíánì. Ìyẹn sábà máa ń jókòó sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé clownfish kì í sábà bá a gbé.

Ẹ ṣọ́ edé tí ọkùnrin yìí ń tà náà. Bí Aiptasia, anemone kékeré tó ń hù bí èpò nínú táǹkì, bá ń yọ yín lẹ́nu, á ta edé "peppermint" tó máa ń jẹ ẹ́ fún yín, kí ẹ tó mọ̀, edé camel ni, iyùn gan-an ló máa jẹ. Ti camel ní ìlà àti tóótòòtó funfun láàárín pupa, imú rẹ̀ gígùn sì ń lọ sókè sódò.

Nípa owó: Friends and Family kò ní ààbò kankan fún ẹni tó ra ọjà. Bí ọjà bá ju £100 lọ, tí ẹ fi káàdì gbèsè (credit card) san án fún oníṣòwò tààrà, Section 75 òfin Consumer Credit Act 1974 wà lẹ́yìn yín. Bí ẹni náà bá jẹ́ oníṣòwò, Consumer Rights Act 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti kọ ọjà tó ní àbùkù, ohun yòówù kó sọ nípa wákàtí méjì.

Ẹni tó bá ti rà á, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín iyùn, ẹ fún un ní táǹkì tirẹ̀. Ẹ má tan iná líle sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé edé wẹ́wẹ́, kó má ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn kan máa ń padà di búráùn lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ pe Citizens Advice, àwọn ló ń gbé irú ẹjọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó òwò ẹ̀tàn. Ọkùnrin yìí a máa pa ọ̀rọ̀ tó kọ sórí WhatsApp rẹ́ kíákíá, torí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú fóònù yín lónìí.