Wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé: àwọn nọ́ọ̀sì gbayì, àmọ́ ọ̀rọ̀ rìsíìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ẹni tó bá ń wá iye bẹ́ẹ̀dì tàbí àsìkò ìbẹ̀wò, kó bi wọ́n lẹ́nu géètì. Ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló ń gbé mi nínú.

Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló ní jẹjẹrẹ kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní Wilms, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1899. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi kan nǹkan líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí ìwú náà lè wálẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó dé: vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dactinomycin aláwọ̀ ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta. Làábù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà bá ti lọlẹ̀ jù, kò sí kímò lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, káṣíà béèrè orúkọ ọmọ. Mo ní Kẹ́hìndé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn!" Ó sì tẹ Táíwò sórí rìsíìtì. Ó di làábù, ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ wo ìgò ẹ̀jẹ̀, ó wo rìsíìtì.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Kẹ́hìndé ni, sà."

"Táíwò lẹ sanwó fún. Táíwò dà?"

Mo ní Táíwò wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlá, kò sóhun tó ṣe é. Ó ní kí n lọ tún un ṣe. Káṣíà ní rìsíìtì tó ti jáde ti jáde, àfi kí ọ̀gá àkáǹtì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àkáǹtì wà ní mítìn-ín. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n san òmíràn. POS ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo kó owó síwájú wọn, wọ́n ní àwọn kì í gba owó ọwọ́ mọ́. Mo padà sí làábù, mo kúnlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò gbójú sókè. Ó ń bó ẹ̀pà, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, èyí tó bọ́ sórí fáìlì àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ níbẹ̀. Aago kan ti kọjá, bẹ́ẹ̀ aago méjì lẹni tó ń po kímò ń kógbá sílé. Vincristine tí mo rà níta wà nínú fúláàsì, yìnyín inú rẹ̀ ti ń di omi. Mo ṣépè, mi ò ní purọ́.

Àṣé sísítà àgbà ti ń wá mi kiri. Kò pariwo. Ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. "Ẹ wo nọ́ńbà káàdì. Ọ̀kan náà ni. Ṣé orúkọ la fi ń mọ aláìsàn níbí ni?" Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, pé bí wàhálà bá dé, kó wá bá òun. Kò kúrò níbẹ̀ títí tí ìgò fi wọnú ẹ̀rọ. Kẹ́hìndé gba kímò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kí Ọlọ́run dá obìnrin yìí sí. Òun ló lẹ ìwé mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ ikùn rẹ̀, torí ìwú yẹn lè bẹ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọwọ́ yíyá, ó lé wọn bí adìẹ. Kó tó gún ọmọ, á fi aṣọ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé ọwọ́ rẹ̀ kí iṣan lè yọ, á kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ dán abẹ́rẹ́ wò, torí vincristine tó bá jò sábẹ́ awọ á jó ẹran ara. Bí mo bá kí i káàárọ̀, èsì rẹ̀ ni, "Ìyá Ìbejì, ó ti yàgbẹ́?" Oògùn yẹn máa ń dí ìdí ọmọ pa.

Omi ò sí ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì làwa ìyá ń tẹ́ ẹní sí, ẹ̀fọn ń fi wá ṣe fàájì. Láti 2022 lòfin ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Káàdì tèmi gbà fún PCV, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, kò gbà fún kímò. Ọkọ mi ti ta ọ̀kadà. Táíwò kì í jẹun alẹ́ bí kò bá gbóhùn èkejì rẹ̀ lórí fóònù, owó ìpè nìkan tó ṣọ̀fọ̀.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, kíndìnrín kan ló kù, dókítà ní ọ̀kan tó láti fi gbé ayé. A ṣì ń gba kímò tó kù.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní méjì péré lòun ì bá fún wọn, àmọ́ òun kọ́ ló ń sùn síbẹ̀.