Páálí Dungeons & Dragons tí mo rà n'Íbàdàn: dáìsì tí gbogbo eré dúró lé ni ò sí nínú ẹ̀

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ ò lè fi dáìsì lúdò ṣe é ni?" Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́, mo padà wá kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú tún bí mi.

Páálí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo rà, èyí tó jáde lọ́dún 2014 pẹ̀lú ẹ̀dà karùn-ún eré náà, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe á bọ́ sí i. Mi ò ní máa ka gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Èmi, dáìsì ni mò ń sọ. Mẹ́fà ló yẹ kó wà níbẹ̀: olójú mẹ́rin, olójú mẹ́fà, olójú mẹ́jọ, olójú mẹ́wàá, olójú méjìlá àti olójú ogún. Márùn-ún ni mo bá, olójú ogún ló di àwátì. Ẹni tó bá sì ti ta eré yìí rí á mọ ohun tí mò ń wí. O fẹ́ fi idà ṣá èèyàn, olójú ogún. O fẹ́ gun ògiri, o fẹ́ purọ́ fún sójà ẹnubodè, o fẹ́ yẹ iná tó ń bọ̀ wá bá ẹ, olójú ogún náà ni, wàá jù ú, wàá ro àròkún ẹ (iye tí ẹ̀bùn akọni ẹ fún ẹ) mọ́ ọn, wàá wò ó bóyá ó tó iye tí wọ́n ń wá. Gọ́bílìn lásán-làsàn, iwin kékeré inú eré náà, 15 lo gbọ́dọ̀ dé kí ohun ìjà ẹ tó bà á. Àwọn dáìsì yòókù, ká fi mọ bí ọgbẹ́ ṣe pọ̀ tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Náírà 38,000 ni mo san o, pẹ̀lú 2,500 owó ọlọ́kadà. Ọmọbìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn kọ́kọ́ ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ó pé mà." Mo ya fọ́tò. Ó ní kí n tún inú páálí wò dáadáa. Mo tú u palẹ̀, mo gbọn ìwé méjèèjì, mo yọ kádíbọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Mo wá ṣe fídíò, mò ń kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún. Ó wò ó, ó dákẹ́. Wákàtí méjì gbáko kó tó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé nálọ̀n tó yẹ kó wé páálí tuntun ò sí lára ẹ̀ nígbà tó dé, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan.

Ọjọ́ Sátidé sì lèyí, mo ti pe èèyàn sílé. Àbúrò mi ọkùnrin ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì pààrọ̀ dúútì torí ẹ̀, àwọn méjì míì láti àdúgbò. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa lọ ni? Ẹnì kan ní ká ju olójú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì ká ro ó pọ̀, mẹ́wàá àti mẹ́wàá ṣáà ni ogún. A fi ta á fún bí ìdajì wákàtí, nọ́ọ̀sì wa wá ní, "Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá ló ń jáde ṣáá?" Òótọ́ ló sọ. Tá a bá ro dáìsì méjì pọ̀, àárín ni iye máa ń kó sí. 11 ní ọ̀nà mẹ́wàá tó lè gbà jáde nínú ọgọ́rùn-ún, 20 ní ọ̀kan ṣoṣo, 1 ò tiẹ̀ lè jáde láyé. Bíi ẹẹ́rìndínlógún ni, ẹni tó bá ti rí i níbi tí wọ́n ti ń dà á á mọ̀ pé kí ẹyọ mẹ́jọ ṣíjú wọ́pọ̀ ju kí gbogbo wọn ṣíjú lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Olójú ogún ò rí bẹ́ẹ̀, 1 àti 11 àti 20, ọgbọọgba ni gbogbo wọn, márùn-ún márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, orí ìyẹn sì ni wọ́n to gbogbo òfin eré yẹn lé.

Àbúrò mi ló yanjú ẹ̀. Ó mú olójú mẹ́fà àti olójú mẹ́wàá. Tí olójú mẹ́fà bá mú 1 sí 3, ká ka olójú mẹ́wàá bó ṣe wà. Tó bá mú 4 sí 6, ká fi mẹ́wàá kún un. Òdo tó wà lára olójú mẹ́wàá, mẹ́wàá la máa kà á sí. Ọ̀nà ọgọ́ta ni dáìsì méjèèjì lè gbà balẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 20 sì ní mẹ́ta mẹ́ta. Kò fì sí ibì kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Nínú eré náà, gọ́bílìn mẹ́rin lúgọ de àwọn akọni wọn lójú ọ̀nà, ọfà ba wizard (oṣó) tí àbúrò mi ń ṣe, HP ẹ̀, ìyẹn iye ẹ̀mí tó kù fún un, di òdo, ó ṣubú. Òfin ni pé tó o bá wà nílẹ̀ báyẹn, nígbàkígbà tó bá ti kàn ẹ́, wàá ju olójú ogún lásán, kò sí àròkún, agbára tó o ní ò ràn ẹ́ lọ́wọ́. 10 sókè, o ṣe é. Kò tó 10, o kùnà. Ìkùnà mẹ́ta, ikú nìyẹn. Nínú gbogbo nọ́ńbà dáìsì náà, 20 nìkan ló ń gbé èèyàn dìde lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú HP 1. Ó kọ́kọ́ ju 4. Cleric wọn (àlùfáà tó ń woni sàn), tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, ti lo ìwòsàn méjèèjì tó ní lọ́jọ́ náà, gọ́bílìn méjì tún ká a mọ́ òdìkejì ọ̀nà. Àbúrò mi ju ìkejì: 9. Ẹyọ kan péré ló kù kó pé 10! Gbogbo ilé kígbe.

Ìgbà kẹta, ó ní òun ò ní jù wọ́n pọ̀ mọ́, olójú mẹ́fà lòun máa kọ́kọ́ jù. Tó bá mú 1 sí 3, àfi tí ìkejì bá mú òdo ló tó lè yè. Tó bá mú 4 sókè, ó ti bọ́ nìyẹn, torí kò lè kéré sí 11. Ó jù ú. Ó yí lọ, ó kọlu abọ́ ẹ̀pà, ó dúró: 5. Ariwo sọ. Ó ju ìkejì, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, nọ́ọ̀sì ló na ìka sí i. Òdo. Ogún nìyẹn! Wizard dìde. Àbúrò mi sáré jáde sí àgbàlá, a ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ.

Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan sí i: ẹni tó bá dìde, ara ẹ̀ dá ṣáṣá ni, kò sí ọgbẹ́, kò sí àárẹ̀, ìwòsàn kékeré kan ti tó láti gbé e dìde, kó tún ṣubú, kó tún dìde. Ó yẹ kí ìṣubú ní owó tí èèyàn ń san. Ìwé òfin inú páálí náà ò sì kọ́ èèyàn bó ṣe máa dá akọni tiẹ̀ sílẹ̀, àfi ká wá ìwé òfin tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́rú ni ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn pè mí fúnra ẹ̀. "Anti, ẹ má bínú, mo ti rí i." Wọ́n ti tú páálí náà láti ya fọ́tò tí wọ́n gbé sórí Instagram, dáìsì yí bọ́ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ìgbà tóun wo fídíò mi lẹ́ẹ̀kẹta lòun lọ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Nígbà tó parí iṣẹ́ ló mú un wá fún mi ní géètì, ó wé e sínú tíṣù, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Kí lẹ tiẹ̀ ń fi í ṣe gan-an?" Mo ní kó wọlé. Ó jókòó fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ń jù ú, ó ń béèrè. Ọ̀gá ẹ̀ ò tíì bẹ̀ mí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì dá 2,500 mi padà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tí oṣù bá parí, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo máa ti ra dáìsì sí i, torí a ti di mẹ́fà nídìí tábìlì. Ọmọ yẹn ń bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́rin.