Cappadocia: ká rìn nínú àfonífojì ni àbí ká lọ wẹ̀ ní hamam, ilé ìwẹ̀ olóoru àwọn ará Tọ́kì?

Ẹni tó bá ní ààbọ̀ ọjọ́ péré ní Göreme, ìlú kékeré kan ní agbègbè Cappadocia, ní Tọ́kì, ìbéèrè yìí ló máa ń bèèrè.

Ká mú ti owó ná. Ọ̀pọ̀ àfonífojì tó yí Göreme ká, ọ̀fẹ́ ni. Láti Göreme gba Àfonífojì Ẹyẹlé dé Uçhisar, ìlú tó wà nítòsí, ò ju bíi kìlómítà 4 lọ, ẹ̀ẹ́ sì rí ihò tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta fún ẹyẹlé, torí ìgbẹ́ wọn làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń fi ṣe ajílẹ̀ àjàrà láyé àtijọ́. Hamam ní tiẹ̀ lówó lórí gan-an.

Àmọ́ ìgbádùn hamam ò kéré o! Ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ làágùn, wọ́n á ní kẹ́ẹ dùbúlẹ̀ sórí mábù gbígbóná, wọ́n á wá fi kese, ìbọ̀wọ́ kan tó le bíi kànrìnkàn tuntun, ha yín lára títí ìdọ̀tí tẹ́ẹ rò pé ẹ ò ní á fi máa bọ́, kí wọ́n tó da ọṣẹ híhó bò yín. Àwọn hamam kan máa ń da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó sanwó.

Ewu ńkọ́? Nínú àfonífojì, oòrùn àti ọ̀nà tó ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹ gbé omi dání. Ní hamam, ooru ni: aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, ẹ bi dókítà yín ná.

Tó bá jẹ́ April tàbí October tí orúnkún yín sì le, ẹ rìn. Tí yìnyín bá bolẹ̀ tàbí ẹ sùn sínú bọ́ọ̀sì mọ́jú, hamam ni. Ẹni tó fẹ́ méjèèjì, kó rìn láàárọ̀ kó wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti jó o lára, kó má jẹ́ kí wọ́n fi kese kàn án.