Ẹ̀ẹ̀mẹfà tí mo lọ bá kánsẹ́lọ̀ ìlera ọpọlọ ní Lọ́kọ́ja: ohun tí ojú mi rí

Aránṣọ ni mí ní Kàbbà. Mo tẹ́ léèsì ìyàwó kan sórí tábìlì, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, n kò lè gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni léèsì náà fi wà níbẹ̀.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà ni ìyá mi kú. N kò tilẹ̀ sunkún púpọ̀, gbogbo ayé ní mo gbìyànjú. Àfi oorun tó máa ń dá lójú mi ní aago mẹ́ta òru, àti orí fífọ́. Mo yẹ ibà wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo lo oògùn taifọ́ọ̀dù. Bí aládùúgbò bá kí mi ní "Òkun o" lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mà á dojú kọ maṣíìnì bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kì í dáhùn òkun, ìjà ló ń bá èèyàn jà. Èmi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìsánlú ló bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn?" Mo wá èsì tì.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo lọ. Ìwé oníbèérè 9 ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, báwo ni oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, àti ohun tó ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀? Òdo sí 3 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 27. Mo gba 14. Kánsẹ́lọ̀ ní ìwé náà nìkan kò tó láti fi sọ pé àìsàn ń ṣèèyàn, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ 10, kí èèyàn má kàn jókòó sílé. Ìbéèrè kẹsàn-án ń bèèrè bóyá ó ti ṣe mí bíi kí n kú. Mo fò ó. Arábìnrin náà tún un bi mí, wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí n kò sun níbi ìsìnkú dé. Ó ní bí èrò náà bá tún gbé dé, kí n má dúró de ọjọ́ àdéhùn, kí n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni ìjókòó kan, ìṣẹ́jú 50. Owó mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí n má tíì sọ ti àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ọ̀nà Ọbájáná. Ohun tó bí mi nínú jù ni patákó gàdàgbà tí wọ́n kọ "Ọpọlọ" sí, lókè bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró, lójú gbogbo ayé. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2023 ti lé òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní asínwín lọ. Patákó yẹn ni kò tíì gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ, mo pàdé oníbàárà mi kan níbẹ̀. A kí ara wa, àwa méjèèjì bá ń wo ilẹ̀.

Yorùbá àwọn ará Ìbàdàn ni kánsẹ́lọ̀ ń sọ, tèmi sì máa ń já sí Owé, ẹ̀ka èdè wa ní Kàbbà, tí inú mi bá ti bàjẹ́. Kì í ṣe bí ẹni tó gbọ́. Á ní kí n tún un sọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Lẹ́yìn ìjókòó kẹrin ni mo tó tún aṣọ gé, ańkárá ọmọdé, yáàdì méjì. Ìyàwó ọjọ́sí ti gbé léèsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, pẹ̀lú ìlà ṣọ́ọ̀kì mi lára rẹ̀.