Tíṣà ìlù tó ń wo ọwọ́ mi

Tíṣà kẹta tí mo máa ní rèé, oṣù keje sì ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ ń wá ẹni tó máa kọ́ yín ní drum set lójúkojú, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí fún, torí ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn méjì àkọ́kọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ mọ ìlù lù, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú wákàtí kan tí mo sanwó fún, òun fúnra rẹ̀ á lu tó ogójì ìṣẹ́jú, èmi á jókòó máa wò ó. Ẹnì kejì, fídíò ló máa ń fi ránṣẹ́, á ní kí n lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ ti ń dùn mí, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á fún mi.

Ẹni tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n dé ìdí ìlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló gbé síwájú mi. Ó ní kí n lù ú bó ṣe wù mí, ó wá dákẹ́, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá ló sọ pé, "Ẹ fún igi ìlù yẹn mọ́wọ́ jù, mà. Ẹ jẹ́ kó ta padà fúnra ẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ìrora mi ti ń wá! Gbogbo ìgbà tí mo bá lu ìlù ni mò ń fagbára fa igi sókè, bẹ́ẹ̀ awọ ìlù máa ń ta á padà fún ẹni tó bá gbà á láyè. Ó ní kí n fi àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e dì í mú, kí ìka mẹ́ta yòókù kàn gbà á mọ́ra. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora náà lọ.

Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kì í torí ẹ̀ fojú fo àṣìṣe mi. Orí paradiddle, ìyẹn ọ̀nà kan tí ọwọ́ méjèèjì fi ń pín ìlù lù, la pẹ́ sí jù: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, òsì. Ó wà lára rudiment 40, ìyẹn àwọn ìdánrawò ìpìlẹ̀ fún ìlù, tí Percussive Arts Society, ẹgbẹ́ àwọn onílù, tò jọ. Ó gbé metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fúnni, sí 60, ìyẹn ìró ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ó ní a ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá lù ú fún ìṣẹ́jú méjì láìṣì, tí ẹnu mi náà sì ń kà á. Ó sú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Lọ́jọ́ kan ó fi fóònù gba ohùn ìlù mi sílẹ̀, ó ní kí n dijú, kí n sọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ òsì. N kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́, ọwọ́ méjèèjì ti ń dún bákan náà. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi ní kó tún gbé ohùn náà sí i.

Kì í bẹ̀rẹ̀ tí n kò bá tíì ki ìdíwọ́ ariwo bọ etí. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ó máa ń yí àkókò padà nígbà tó bá ti ku díẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń dun èmi tí mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Oṣù karùn-ún ló tó kọ́ mi ní kíka àmì orin, èmi ni mo sì béèrè. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tá a dán wò lẹ́ẹ̀mejì kò bá mi lára mu: ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé, a ò lè jọ lu nǹkan kan pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń wá tiyín, ẹ ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ọwọ́ ẹni tí igi pẹ́ sí jù. Ní tèmi, n kò ní kúrò lọ́dọ̀ ẹni yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kún paradiddle mi, ọwọ́ òsì tún ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀, a sì ti padà sí 60.